Báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé àìsàn ọkàn abínibí fún ọmọ tó ń bá fínra?

Ìyá_Àbíkẹ́yìn

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá ibí. Ẹ jọ̀ọ́ mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ti di ọmọ ọdún 6. Tetralogy of Fallot, oríṣi àìsàn ọkàn kan, ni wọ́n bí mọ́ ọn, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kó tó pé ọmọ ọdún kan, ó sì ń ṣe dáadáa, ó ń sáré, ó ń fò, ó ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ jà. Torí pé ó kéré nígbà yẹn kò rántí nǹkan kan, àwa náà ò sì sọ ju pé "dókítà ń wò ẹ́ kára ẹ lè máa le" lọ fún un.

Ìjẹta tí mò ń wẹ̀ fún un ló fi ìka tọ ojú àpá tó wà láyà ẹ̀, láti abẹ́ ọ̀fun títí dé òkè ikùn, ló wá bi mí pé "Mọ́mì, ta ló gé mi?" Kí n tó rí nǹkan sọ ló tún ní "Ṣé mo ṣe nǹkan ni?" Àṣé ọmọ kíláàsì ẹ̀ kan ló rí àpá yẹn nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ aṣọ eré ìdárayá, tó sọ fún un pé ọmọ tó bá ya aláìgbọràn ni wọ́n máa ń là láyà. Mo gbá a mọ́ra, mo ní ká parí ìwẹ̀ ná.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé sá fún mọ́, torí dókítà ti sọ pé ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró tún ti ń há, wọ́n fẹ́ ti catheter, ìyẹn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọlé kí wọ́n fi bàlúùnù fẹ̀ ẹ́, ìyẹn ò sì ní pẹ́ mọ́. Ìyá ọkọ mi ní ká má sọ nǹkan kan, pé kí lọmọdé mọ̀, ká ṣáà gbé e lọ. Ọkọ mi ní ká sọ fún un àmọ́ òun náà ò mọ bá a ṣe máa gbé e kalẹ̀. Ní tèmi, gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ la ẹnu lomi ń dà lójú mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ibẹ̀ kọjá, kí lẹ sọ gan-an? Mo fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu yín, ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ibi tẹ́ ẹ bá a dé. Ẹ ṣé gan-an.


Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé

Ẹ kú ìtọ́jú mà. Wọ́ọ̀dù àwọn ọmọ tó ní àìsàn ọkàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè kejì tọ́mọ yín bèèrè yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá lóhùn kẹ́ ẹ tó kan ti àkọ́kọ́. "Ṣé mo ṣe nǹkan ni?" Láti nǹkan bí ọmọ ọdún 3 sí 6 tàbí 7, ọmọ máa ń gbà pé òun lòun fa ohun tó bá ṣẹlẹ̀, bóyá torí pé òun jágbe mọ́ àbúrò òun, bóyá torí pé wọ́n ní kóun jókòó òun wá ń sáré. Ọ̀pọ̀ wọn kì í sọ ọ́ síta, á kàn máa jẹ wọ́n nínú ni. Tiyín sọ ọ́ síta, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́ ìyẹn.

Torí náà lónìí, ẹ má jẹ́ ó dọ̀la, ẹ pè é kẹ́ ẹ sọ fún un ní ṣókí: "Rárá o, o ò ṣe nǹkan kan. Ìwọ kọ́ lo fà á, èmi kọ́, dádì ẹ kọ́. Bí ọkàn ẹ ṣe rí látinú oyún nìyẹn. Dókítà ló la àyà ẹ kó lè tún ọkàn ẹ ṣe, àpá ibi tó gbà wọlé nìyẹn." Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ dákẹ́. Kẹ́ ẹ dákẹ́ lóòótọ́ o mà, torí ibẹ̀ ló máa ń ṣòro fún àwa àgbà. Bó bá béèrè nǹkan, ẹ dá a lóhùn èyí tó béèrè, bó bá ní òun fẹ́ lọ ṣeré, ẹ jẹ́ ó lọ. Ọmọdé kì í gbé irú ọ̀rọ̀ yìí mì lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń bù ú, á tún padà wá béèrè nígbà tẹ́ ò retí, nínú ọkọ̀, tàbí nígbà tẹ́ ẹ bá ń wọ bàtà fún un.

Kẹ́ ẹ tó ṣàlàyé bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ bi í léèrè ohun tó rò pé ó ń ṣe. Mo ti rí ọmọ tó rò pé inú ọkàn òun ni oúnjẹ ń lọ, mo ti rí èyí tí wọ́n sọ fún pé ihò wà nínú ọkàn ẹ̀ tó wá ń bẹ̀rù àtimu omi torí ó rò pé òun máa jò. Bẹ́ ẹ bá lọ da àlàyé lé irú èrò bẹ́ẹ̀ lórí, ẹ̀rù lẹ máa dá kún ẹ̀rù.

Èmi máa ń yà á sórí pépà ni. Mo máa ní kó di ẹ̀ṣẹ́ ẹ̀, kó gbé e sáyà, pé bó ṣe tóbi tó nìyẹn ni ọkàn ẹ̀ ṣe tóbi tó. Mo wá máa ya ilé kan tó ní yàrá 4, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn ilẹ̀kùn tó ń ṣí síwájú nìkan kí ẹ̀jẹ̀ má bàa padà sẹ́yìn. Apá ọ̀tún ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró kó lọ gba atẹ́gùn, apá òsì ló ń ti èyí tó ti gba atẹ́gùn káàkiri ara, dé orí, dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Mo máa ń fún un ní kíréyọ̀nù búlúù fún apá ọ̀tún, pupa fún apá òsì, kó kùn ún fúnra ẹ̀. Ọmọ ọdún 6 máa ń gbádùn ibẹ̀ yẹn gan-an, ìgbà tọ́wọ́ ẹ̀ bá sì ń ṣiṣẹ́ lẹnu ẹ̀ máa ń ṣí.

Ní ti Fallot, nǹkan 4 ló pé jọ síbẹ̀: ihò wà lára ògiri tó dá yàrá ìsàlẹ̀ méjèèjì sí méjì, ọ̀nà tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró há, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá tó yẹ kó ti yàrá òsì jáde wá bọ́ sórí ihò yẹn, iṣan yàrá ọ̀tún sì nípọn torí pé tipátipá ló fi ń ti ẹ̀jẹ̀ gba ọ̀nà tó há. Fallot yẹn, dókítà ọmọ ilẹ̀ Faransé ni, ọdún 1888 ló kọ̀wé nípa ẹ̀, ni wọ́n fi ń fi orúkọ ẹ̀ pè é. Ẹ̀yin lẹ máa mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mà, ọmọ ọdún 6 ò nílò ju méjì lọ: "Ihò kan wà níbi tí kò yẹ kó wà, dókítà ti dí i. Ọ̀nà kan há, dókítà fẹ̀ ẹ́, o ti wá ń dàgbà, ó tún ti ń há, ìdí tá a fi ń padà lọ nìyẹn." Bó bá dàgbà sí i, ẹ fi méjì tó kù kún un.

Ọ̀rọ̀ catheter yẹn, ẹ sọ ọ́ ní nǹkan bí ọjọ́ 3 sí 5 ṣáájú. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ tipẹ́tipẹ́, á kàn máa rò ó lóru ni, bó bá sì jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ yẹn lẹ sọ ọ́, ọjọ́ mìíràn tẹ́ ẹ bá ní ẹ ń lọ síbì kan kò ní gbà yín gbọ́ mọ́. Ọmọ tó ti tó ọdún 8, 9 lè gbọ́ ọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa rí, ohun tó máa gbọ́, ohun tó máa kàn án lára, ìyẹn ni kẹ́ ẹ máa sọ. Pé tí wọ́n bá fẹ́ ṣe echo, ìyẹn fífi ẹ̀rọ wo ọkàn, wọ́n á fi jẹ́ẹ̀lì tó tutù sí i láyà, á sì máa rí ọkàn ẹ̀ tó ń mì lójú tẹlifíṣọ̀n. Pé wọ́n á lẹ sítíkà tó ní wáyà mọ́ ọn láyà, ìyẹn kì í dunni, àmọ́ tí wọ́n bá ń ṣí i kúrò á fà á lára díẹ̀. Pé tó bá jí, bándéèjì máa wà níbi tí itan ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gbà dé ọkàn, wọ́n á sì ní kó dùbúlẹ̀ fún wákàtí mélòó kan láìká ẹsẹ̀.

Ẹ má ṣèlérí pé "kò ní dùn ẹ́ rárá" níbi tí abẹ́rẹ́ bá wà. Ẹ ní "á ta ẹ́ díẹ̀, kò ní pẹ́, mo máa di ọwọ́ ẹ mú." Ní ti òògùn oorun, bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ rèé: "Oorun yìí yàtọ̀ sí ti alẹ́. Lálẹ́, bí mo bá fọwọ́ kàn ẹ́ wàá jí. Toògùn yìí, o ò ní mọ nǹkan kan lára títí wọ́n á fi ṣe tán. Dókítà kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó jókòó tì ẹ́ kó máa wò ẹ́, tí wọ́n bá ti ṣe tán, á dá òògùn yẹn dúró, wàá sì jí." Àwọn ọmọ kan ń bẹ̀rù pé àwọn á jí láàárín iṣẹ́, àwọn kan ń bẹ̀rù pé àwọn ò ní jí mọ́, ọ̀rọ̀ yẹn dá méjèèjì lóhùn láìjẹ́ pé ẹ dárúkọ ẹ̀rù kankan.


Mama_Akin

Nọ́ọ̀sì, mo gbọ́ yín o, ẹ sì ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà. Ihò wà nínú ọkàn ọmọkùnrin mi. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 5 ni àbúrò bàbá ẹ̀ kan jókòó tì í, ó ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀, ó tún fi fídíò iṣẹ́ abẹ hàn án lórí fóònù. Ọmọ yẹn ò sùn gbádùn fún ìgbà pípẹ́, ọwọ́ ló fi ń di àyà mú kiri ilé, tí a bá ní kó wá jẹun á ní òun fẹ́ gbọ́ bóyá ó ṣì ń lù. Látìgbà yẹn ni mo ti ní kẹ́nikẹ́ni má sọ ọ́ létí ẹ̀ mọ́. Èmi gbà pé kí ọmọ ṣe ọmọdé ẹ̀ ná, tó bá tó ọdún 10 á gbọ́ ọ.


Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Mama Akin. Ohun tí wọ́n ṣe fún un yẹn dùn mí, torí fídíò iṣẹ́ abẹ kì í ṣe nǹkan tọ́mọ ọdún 5 ń wò, àgbà mìíràn gan-an ò lè wò ó. Àmọ́ mi ò rò pé òótọ́ ló dẹ́rù bà á mà, bó ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, kò sì sẹ́ni tó bi í léèrè lẹ́yìn ẹ̀ pé kí ló gbọ́ nínú ẹ̀. Ọmọ tó ń lọ sí kíníìkì tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ wo àyà ẹ̀ ti mọ̀ pé nǹkan wà, ibi tẹ́ ò bá bá a kún, òun á kún un fúnra ẹ̀, èyí tó sì ń rò sábà máa ń burú ju èyí tó jẹ́ òótọ́ lọ.

Ẹ bi í wẹ́rẹ́ pé "fídíò ọjọ́ yẹn, èwo nínú ẹ̀ ló ṣì ń wá sọ́kàn ẹ?" Kẹ́ ẹ sì bi dókítà yín bí ihò yẹn ṣe tóbi tó, torí ọ̀pọ̀ ihò kéékèèké tó wà láàárín yàrá ìsàlẹ̀ ló máa ń pa dé fúnra ẹ̀ bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Bó bá jẹ́ irú ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ tó lè fi í lọ́kàn balẹ̀ lẹ fi ń pa mọ́ fún un yẹn.


Ọkàn_Títúnṣe

Mo rí àkọlé yìí, mi ò lè kọjá. Èmi ni ọmọ yẹn tó ti wá dàgbà. Fallot ni tèmi náà, wọn ò sì tètè ṣe tèmi, mo ti tó ọmọ tó lè rántí nǹkan. Tí mo bá ń sáré pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, mo máa ṣàdédé lóṣòó sílẹ̀ láàárín eré, màá kó orúnkún mọ́ra, ètè mi àti èékánná mi á ti di aláwọ̀ aró. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi láti lóṣòó, ara ló mọ̀ ọ́n, torí téèyàn bá lóṣòó báyẹn, ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ díẹ̀ sí i máa ń rọ́nà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Màmá mi ló ṣàlàyé ẹ̀ fún mi. Wọ́n ní "ara ẹ gbọ́n, bó bá ní kó o lóṣòó, lóṣòó." Ọjọ́ yẹn ni mo ṣíwọ́ àtimáa fi pa mọ́ fáwọn ọmọ tó kù.

Ìyá Àbíkẹ́yìn, ohun tí mo fẹ́ fi kún ti nọ́ọ̀sì ni pé kẹ́ ẹ fún ọmọ yín ní gbólóhùn kan tó máa jẹ́ tiẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ kíláàsì ẹ̀ yẹn ò ní tán síbẹ̀, wọ́n á tún bi í lọ́la. Tèmi ni "Ọkàn mi ò pé nígbà tí wọ́n bí mi, dókítà ti tún un ṣe, àpá ẹ̀ rèé." Mo máa sọ ọ́ tán, màá máa bá eré mi lọ. Ẹ jọ máa sọ ọ́ nílé títí tó fi máa yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé òun lòun ni àpá náà, bí kò bá wù ú kó fi han èèyàn, kò pọn dandan.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sọ fún un pé ó ti tán. Wọ́n ti tún un ṣe, òótọ́ ni, àmọ́ Fallot tí wọ́n ti tún ṣe ṣì ń fẹ́ kíníìkì títí ayé, fáàfù ibẹ̀, ìyẹn ilẹ̀kùn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ yẹn, lè máa jò tó bá yá, kí wọ́n sì wá pààrọ̀ ẹ̀. Mo mọ àwọn tí wọ́n sọ fún ní kékeré pé ó ti tán, wọn ò lọ rí dókítà mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbà tára ò gbà á mọ́ ni wọ́n tó padà lọ. Kẹ́ ẹ sì kọ́ ọ láti máa sọ ohun tó bá ń ṣe é: tí àyà bá ń dùn ún, tí òòyì bá ń kọ́ ọ, tí ọkàn ẹ̀ bá ń sáré láìjẹ́ pé òun ń sáré, kó jókòó, kó sọ fún àgbà tó bá sún mọ́ ọn, kò sì sẹ́ni tó máa bá a wí torí ẹ̀. Ibi tí wọn ò bá ní bá a wí yẹn ṣe pàtàkì púpọ̀. Ọmọ tó bá ń bẹ̀rù pé wọn ò ní jẹ́ kóun ṣeré mọ́ á pa á mọ́ra.

Eyín náà ń kọ́? Ó yẹ kó mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń tẹnu mọ́ fífọ ẹ̀, pé kòkòrò ẹnu lè gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá ọkàn, kó má kàn rò pé ẹ ń dà á láàmú lásán ni.

Tó bá tó bí ọdún 9, 10, ẹ sọ ìtàn àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí fún un. Lọ́jọ́ 29 oṣù November ọdún 1944, ní ọsibítù Johns Hopkins ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ kékeré kan tí Fallot ń bá jà, ara ẹ̀ ti di aláwọ̀ aró. Dókítà obìnrin, Helen Taussig, ló mú àbá ẹ̀ wá, pé kí wọ́n la ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Alfred Blalock ló mú ọ̀bẹ. Vivien Thomas, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí kò rówó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, òun ló ti dán an wò lára ajá nínú láàbù títí ó fi mọ̀ ọ́n ṣe, lọ́jọ́ yẹn ó dúró lẹ́yìn Blalock ó ń sọ bó ṣe máa ṣe é fún un. Ọdún 1954 ni dókítà oníṣẹ́ abẹ kan, Lillehei, àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ tó wá tún Fallot ṣe látinú ọkàn gan-an. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yẹn, mo rí i pé èèyàn ló jókòó ro ọ̀rọ̀ irú ọkàn tèmi, pé kì í ṣe èmi nìkan láyé. Ní àwọn orílẹ̀-èdè tí ìtọ́jú yìí ti rinlẹ̀, àwa àgbà tí wọ́n bí àìsàn ọkàn mọ́ ti pọ̀ ju àwọn ọmọdé tó ní i lọ báyìí. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé a wà.


Bàbá_Ọlọ́mọ

Tèmi ò gùn. Ẹ má gbàgbé àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Nílé tiwa ẹ̀gbọ́n ló ń rò pé òun ló kó o ran àbúrò òun torí pé òun fi ẹnu kò ó lẹ́nu nígbà tó wà lọ́mọ jòjòló, ó sì ti gbé ìyẹn sínú pẹ́ kó tó sọ ọ́. Ẹ sọ fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà pé kì í ranni.

Ìyá ọkọ yín náà, ẹ jẹ́ kí ọkọ yín ló lọ bá wọn sọ ọ́, ọmọ wọn ni. Kó ní "Mọ́mì, a ti fẹ́ sọ fún un, ọ̀nà tá a máa gbà sọ ọ́ rèé, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀." Àwọn ìyá àgbà wa, ìfẹ́ ló ń dà wọ́n láàmú, àmọ́ tí wọ́n bá ń ní "jẹ́jẹ́ o, má sáré o, má pa wá lẹ́kún o" lójú ọmọ, ọmọ á gbọ́ gbogbo ẹ̀ ní kíkún.


Ìyá_Àbíkẹ́yìn

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé. Mo ti ka gbogbo ẹ̀, mo sì ti bá a sọ apá kìíní. Mo ní kò ṣe nǹkan kan, kò sẹ́ni tó fà á, ó wò mí lójú, ó ní "ìwọ náà kọ́?" Mo ní èmi náà kọ́. Ó ní kí n sọ fún tíṣà òun kó sọ fún ọmọ yẹn.

Nǹkan méjì ló kù tó ń já mi láyà. Bó bá bi mí pé ṣé òun máa kú ń kọ́? Ìkejì, mo sọ pé "èmi kọ́" yẹn tán, ẹnu lásán ni, torí nínú mi lọ́hùn-ún mo ṣì ń bi ara mi bóyá nǹkan tí mo lò nígbà oyún ni, bóyá wàhálà iṣẹ́ ni. Báwo ni mo ṣe máa sọ ohun témi gan-an ò tíì gbà?


Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé

Mo bẹ̀rẹ̀ látorí tiyín mà. Nínú ọmọ 100 tí wọ́n bá bí káríayé, nǹkan bí ọ̀kan ló máa ń ní àìsàn ọkàn abínibí, òun ló sì wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo àléébù tí wọ́n ń bí mọ́ ọmọ. Tí oyún bá fi máa tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 8, ọkàn ọmọ ti pín sí yàrá tán, àwọn obìnrin mìíràn ò sì tíì mọ̀ nígbà yẹn pé àwọn lóyún. Àwọn nǹkan kan wà tí wọ́n mọ̀ pé ó lè dá kún un, àrùn rubella nínú oyún, àrùn ìtọ̀ ṣúgà tí kò sí lábẹ́ àkóso kí oyún tó dé, àwọn òògùn kan, àti ìyípadà nínú jíìnì, nǹkan bí ìdajì àwọn ọmọ tó ní Down syndrome ló ń ní àìsàn ọkàn mọ́ ọn. Àmọ́ nínú èyí tó pọ̀ jù, wọn kì í rí ohun kan pàtó. Ti wàhálà iṣẹ́ yẹn, ẹ gbé e sọ kalẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ lò, ẹ dárúkọ ẹ̀ fún dókítà yín tààrà, kó dá yín lóhùn, kó má máa yí lọ yí bọ̀ nínú yín. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ bá ọmọ sọ á dún yàtọ̀ létí ẹ̀yin gan-an.

Ọ̀rọ̀ ikú. Bó bá béèrè, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jágbe "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" kẹ́ ẹ sì yí ọ̀rọ̀ padà, torí ohun tó máa mú lọ níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ yìí burú tó bẹ́ẹ̀ tí Mọ́mì gan-an ò lè gbọ́ ọ. Ẹ kọ́kọ́ rọra bi í pé "kí ló mú un wá sọ́kàn ẹ?" Nígbà mìíràn, ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ máa wà ńbẹ̀ tóun bá jí. Nígbà mìíràn ó gbọ́ nǹkan lẹ́nu àgbà. Ẹ dáhùn èyí tó béèrè gan-an. Fún irú èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe fún un, ẹ lè ní: "A ò retí pé wàá kú. Kí ara ẹ lè le la ṣe ń lọ. Àwọn dókítà yẹn ti ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọmọ, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, wọ́n á sì máa ṣọ́ ẹ ní gbogbo ìgbà." Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò ní kẹ́ ẹ búra fún un. Ìyá tí ọ̀rọ̀ ọmọ tiẹ̀ bá le ju báyìí lọ, kó má dá nìkan wá ọ̀rọ̀ tó máa sọ, kó ní kí dókítà ọmọ náà jókòó tì í kí wọ́n jọ sọ ọ́, a máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí ìtìjú ńbẹ̀.


Ọkàn_Títúnṣe

Ẹkún yẹn náà, ẹ má jẹ́ ó dá yín dúró mà. Màmá mi sunkún lójú mi dáadáa. Wọ́n nu ojú, wọ́n ní "mò ń sunkún torí mo fẹ́ràn ẹ, kì í ṣe pé nǹkan kan burú tí mi ò sọ fún ẹ." Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an nìyẹn. Èyí tó máa ń dẹ́rù bà mí ni tí wọ́n bá lọ bá Dádì mi nínú yàrá, tí wọ́n wá ti ilẹ̀kùn.


Ìyá_Àbíkẹ́yìn

Ó ti ya ọkàn náà, ó kun búlúù, ó kun pupa, ó tún ya ojú fèrèsé sí yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi ti bá màmá ẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọn ò tíì gbà tán, àmọ́ wọ́n ní àwọn ò ní sọ nǹkan kan tó yàtọ̀ sí tiwa. Mo bi dókítà nípa òògùn tí mo lò nígbà oyún, ó ní kì í ṣe ara àwọn tó ń fa irú ẹ̀. Mo béèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó dáhùn lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí mo débi bàlúùnù, ìbéèrè bẹ̀rẹ̀ o. Ó fẹ́ mọ àwọ̀ ẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa bẹ́ nínú òun. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á fi í sílẹ̀ síbẹ̀, pé ṣé òun á wá máa léfòó ni. Mo ní màá béèrè.


Nọ́ọ̀sì_Ọmọdé

Ẹ kọ gbogbo ìbéèrè yẹn sílẹ̀ ní ohùn tiẹ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kó mú pépà yẹn lọ́wọ́ fúnra ẹ̀ lọ bá dókítà. Àmọ́ ẹ lè ti sọ fún un pé ó kéré gan-an, kì í ṣe irú tó ń fò lọ sókè, omi ni wọ́n máa ń fi kún un kì í ṣe afẹ́fẹ́. Wọ́n á fẹ̀ ẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, ọ̀nà yẹn á là, wọ́n á tú omi inú ẹ̀, wọ́n á sì fà á jáde kó tó jí, wọn kì í fi í sílẹ̀. Ti bóyá ó lè bẹ́, kí dókítà ló dá a lóhùn. Kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n fi ọ̀kan hàn án bí wọ́n bá ní èyí tí wọn ò lò mọ́, kó fọwọ́ kàn án. Kó mú bèbí ẹ̀ dání, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lè bá a lẹ sítíkà mọ́ bèbí náà láyà kí wọ́n tó lẹ tiẹ̀.